Ìwé Ìyá Ìyá Mi Tí Mo Jù Sódò

Mo rántí ìgbà tí ìyá mi máa ń ná ọjà ní Powis Street, ní Woolwich. Òyìnbó ni ìyá mi, funfun báláú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti lanu, Yorùbá Ẹ̀gbá pọ́ńbélé ni yóò jáde. "Ẹ dákun, èló ni iṣu yìí? Ẹ má pa mí o!" Ẹni tó ń tajà yóò gbàgbé iye tó fẹ́ pè, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Ó lé ní ogójì ọdún tí ó fi ṣe aya bàbá mi l'Ábẹ́òkúta. Nígbà tí bàbá mi kú, mo mú un padà wá sílùú ọba, sí ilé mi ní Thamesmead, níbi tí a ti ń rí omi Birchmere Park láti ojú fèrèsé.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Belvedere nígbà náà. Mo mọ ìtàn ìyá onìyá ju ti ìyá tó bí mi lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ bàbá ni ọmọ: oríkì bàbá mi ni mo mọ̀, agboolé bàbá mi ni mo mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé àwọn wo ni èèyàn ìyá mi, màá ní, "Òyìnbó ni wọ́n," bí ẹni pé òyìnbó jẹ́ orúkọ agboolé.

Oyún mẹ́ta ló bàjẹ́ lára mi láàrin ọdún mẹ́rin. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, gbọ̀ngàn kan ní Woolwich la sì ti ń jọ́sìn. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, wòlíì obìnrin wa di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Sister, mo rí paper kan nínú family yín tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Òun ló lock inú yín. Ẹ lọ search ilé yín o." Mi ò ní láti wá nǹkan kan. Láti kékeré ni mo ti mọ ìwé kan tó wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá mi, ìwé fífẹ̀ tí wọ́n ká, tí wọ́n kun ẹyẹ àti èso àjàrà sí etí rẹ̀. Àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ jọ ti tírà. Ọjọ́ tí mo fọwọ́ kàn án lọ́mọdé, ìyá mi rọra gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní nǹkan ìyá òun ni.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi lọ rí dókítà ojú, mo mú ìwé náà. Èmi àti wòlíì lọ sí etí odò Thames, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé mọ́tò sọdá. A bọ́ bàtà. A kọrin pé ọmọ Ísírẹ́lì ni wá, pé Síónì ni ilé wa. Mo ya ìwé náà sí mẹ́rin, mo jù ú sódò. Àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Èkúté tèmi tún ń lé orin sí i.

Kò pẹ́ tí mo fi lóyún, oyún náà sì dúró. Mo bí ọmọbìnrin. Mo jẹ́rìí nínú ìjọ, mo jó títí gèlè mi fi tú. Ìyá mi gbé ọmọ náà mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí lédè tí mi ò gbọ́ rí. Mo rò pé Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ni.

Ọmọ náà ti ń rìn nígbà tí wọ́n sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ti wọ ẹ̀dọ̀ ìyá mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pè mí jókòó.

"Ọmọ mi, Júù ni mí. Nígbà tí mo fẹ́ bàbá ẹ, bàbá mi fa aṣọ ara rẹ̀ ya, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣọ̀fọ̀ mi bí òkú. Ìyá mi ló yọ́ wá bá mi, ó fi ìwé ìgbéyàwó tiẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní ọjọ́ tí mo bá fẹ́ padà sílé, ìwé náà ni wọ́n máa fi dá mi mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà ìyá la fi ń mọ ọmọ. Ìwọ náà jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹ náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Bá mi mú ìwé yẹn wá."

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀, kí n jẹ́wọ́. Mo ní, "Mo máa wá a, Mummy."

Mo lọ bá rábì, àlùfáà àwọn Júù. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún mi ní tíì. Ó béèrè ìwé ìgbéyàwó náà. Mo ní ó sọnù. Ó béèrè ilé ìjọsìn tí àwọn òbí ìyá mi ti gbéyàwó. Bọ́ǹbù ti wó o nígbà ogun, tòun ti gbogbo àkọsílẹ̀ inú rẹ̀. Ó béèrè ẹbí tó lè jẹ́rìí. Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá mi, àwọn yòókù ti kú. Rábì mí kanlẹ̀. Ó ní òun á máa wádìí, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù mélòó kan, àwọn tó ń bójú tó ibi ìsìnkú wọn kò sì lè gbẹ́lẹ̀ fún òkú lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìyá mi kò ní oṣù mélòó kan.

Nígbà tí mo délé, ó bi mí bóyá mo ti rí i. Mo ní, "Mo ti rí i, Mummy. Rábì ti gbà á." Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó kú. Ilẹ̀ ìsìnkú gbogbo ayé la sin ín sí, láàrin àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn ará ìjọ wọ aṣọ funfun, wọ́n kọrin dáadáa. Wòlíì gbá mi mọ́ra. Mi ò bínú sí i, ọwọ́ mi ló ya ìwé.

Ọdún méje rèé. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ mi ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó ní, "Mummy, Miss ní ká draw family tree. Where did Grandma's people come from?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Èmi sọ ti ìyá mi nù, mo sọ ti ọmọ mi mọ́ ọn. Wọ́n tún ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lè bá a mọ́, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti lọ.

Ohun tó ń pa mí kì í ṣe ìwé náà. Lọ́jọ́ tí mo parọ́ fún ìyá mi yẹn, ó yọ̀, ó ní kí n kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Bó o ṣe ṣe é fún mi yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ tìẹ náà máa ṣe é fún ẹ." Mo ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹ́ta.