Ẹ̀yìn Gáùn Tí Ẹ Ò Rí Nínú Fọ́tò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ "ẹ rẹwà gan-an, tíṣà" sábẹ́ fọ́tò ọjọ́ ìbí mi, ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó dáadáa, kí n ròyìn ẹ̀yìn gáùn yẹn fún yín, torí iwájú nìkan lẹ rí.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé òkìrìkà ni mò ń wọ̀. Pẹ̀lú owó oṣù tíṣà, ṣé bótíìkì ni mo fẹ́ lọ ni? Ìyá Ṣèyí tó ń tú béèlì lọ́jà Aládé ni oníbàárà mi. Aṣọ rẹ̀ dáa, àmọ́ sáìsì tí wọ́n kọ sí i, ha! Irọ́ gbáà ni! Nínú àpótí mi báyìí, mo ní ten, mo ní fourteen, mo ní èyí tí wọ́n kọ eighteen sí, gbogbo wọn ló sì wọ̀ mí. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ìyá Ṣèyí ní kí n yéé wo nọ́ńbà jàre, pé òyìnbó tó kọ ọ́ kò rí ìdí mi rí.

Torí náà, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe lèmi náà ń ṣe. Màá fi ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì yí ọrùn mi. Tí etí rẹ̀ méjèèjì bá ti pàdé, ó máa wọ̀ mí. Èyí tó bá kù, abẹ́rẹ́ àti òwú á parí ẹ̀ nílé.

Ohun kan ṣoṣo tí n kì í rà ni aṣọ tó ní síìpù lẹ́yìn. Kí ló dé? Nígbà tí mo wà ní Ìkàrẹ́, èmi àti Bùnmi àbúrò mi la jọ ń gbé. Òun ló máa ń fa síìpù fún mi. Màá kàn kẹ́yìn sí i ni, a ò tiẹ̀ ní dá ọ̀rọ̀ tá à ń sọ dúró. Nígbà tí Bùnmi lọ sí Kánádà, tí wọ́n sì gbé èmi wá sí ilé ìwé kan ní Ìdànrè níbí, aṣọ oníbọ́tìnnì níwájú ni mo gbájú mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí ẹ̀. Kò kúkú sẹ́ni tó béèrè.

Àfi bí mo ṣe rí gáùn aláwọ̀ ewé yìí! Wọ́n kọ twelve sí i, àmọ́ twelve àwọn òmìrán ni! Síìpù rẹ̀ wà lẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tóbi débi pé mo lè yí síìpù náà wá síwájú, kí n fà á dókè, kí n wá yí gáùn náà padà. Mo ní mo ti gbọ́n ju síìpù lọ. Mo rà á.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, tí mo bá ti dé láti iléèwé, ìdí gáùn ni mò ń jókòó sí. Mo tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, mo fún un wọlé, mò ń rán an síwájú, mò ń dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn kó má bàa tú. Kí n má purọ́, inú mi máa ń dùn pé mo rí nǹkan ṣe. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé tí mo bá ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, n ò ní lanu sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àárọ̀ Sátidé, mo wọ̀ ọ́. Ó bá mi mu bí èèpo ṣe ń bá ẹ̀pà mu! Mo fẹ́ yí síìpù wá síwájú. Gáùn ò yí! Mo ti fún un jù. Ṣé ẹ rí nǹkan? Nígbà tó tóbi, mo lè dá a wọ̀. Ìgbà tó wá bá mi mu tán, ó ń fẹ́ ẹni kejì.

Mo so okùn mọ́ orí síìpù, mo gbé e gba èjìká, mo fà. Ó há sí àárín ẹ̀yìn mi. Kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Okùn já.

Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo rẹ́rìn-ín, mo ya fọ́tò. Òun lẹ rí yẹn. Bí ẹ ṣe ń kí mi, etí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí, ẹ̀yìn mi wà níta, mò ń sunkún. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ Bùnmi. Nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ kí mi, kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó mi.

Màmá àgbà kan ń gbé nínú ọgbà wa, ará ìjọ aláṣọ funfun. Ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́ ni tiwa, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè Ìdànrè wọn jinlẹ̀, ojú sì máa ń tì mí láti ní kí wọ́n tún un sọ. Mo fi ìborùn bo ẹ̀yìn jáde. Wọ́n ń yí kòkó tí wọ́n sá sójú sìmẹ́ńtì. Mo kàn ká ìborùn kúrò, mo kẹ́yìn sí wọn.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín! Wọ́n nuwọ́, wọ́n lọ mú àjókù àbẹ́là àdúrà wọn wá, wọ́n fi ń pa eyín síìpù kó lè máa yọ̀. Ọwọ́ wọn le, ó ń rùn bíi kòkó. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ èèyàn ti kan ẹ̀yìn mi. Omi tún bọ́ lójú mi, mo ṣe bíi pé oòrùn ni.

Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn fà á sókè tàbí kí àwọn fà á wálẹ̀. Mo ní kí wọ́n fà á wálẹ̀ jàre, pé n ò lọ síbì kankan, ọjọ́ ìbí mi lásán ni. Wọ́n ní, ọjọ́ ìbí ṣe jẹ́ lásán? Kí n tó fèsì, síìpù ti dé ọrùn! Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà, mo ń ṣe àmín sí èyí tí mo gbọ́ àti èyí tí n ò gbọ́.

Wọ́n wá rọra sọ̀rọ̀ kí n lè gbọ́ dáadáa: "Tó bá dìrọ̀lẹ́, kó o padà wá o. O ò lè dá a bọ́. Màá máa retí rẹ."

Màá máa retí rẹ! Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rántí ìgbà tẹ́nì kan ti sọ ìyẹn fún mi gbẹ̀yìn.

Mi ò ní tàn yín, yàrá mi ṣì dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. Àmọ́ mo ti kọ́gbọ́n. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òwe tí mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni, kò yé èmi alára. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo ní kí Ìyá Ṣèyí bá mi wá gáùn onísíìpù lẹ́yìn. Ó ní sáìsì wo? Mo ní èyíkéyìí, màá fún un wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá gbé ńkọ́, ta ló ń bá yín fa síìpù? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á. Tí kò bá sì sẹ́nì kankan, ẹ kọ ìyẹn náà.