Ẹyin Àbúrò Mi

"Rọra o, má jẹ́ kí ata ta sí ọ lójú," ni ìyá àgbà ń wí fún àbúrò mi obìnrin, bí ó ti ń fi igi lọ ata nínú àwo amọ̀ tí wọ́n gbé bọ̀ láti Gáná. Inú àwo náà rí ṣákiṣàki, ata sì ń dún wìrì-wìrì lára rẹ̀. Òórùn ẹja gbígbẹ ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlobù. Èmi ń já iṣan kúrò lára ewé kókò, inú sì ń bí mi díẹ̀ pé àbúrò mi ló gba iṣẹ́ tó wù mí.

Ìyá tó bí bàbá mi ni ìyá àgbà yìí. Gáná ni wọ́n ti ń ṣòwò kí ìjọba ibẹ̀ tó ní kí àwọn àlejò máa lọ, wọ́n sì gbé ọwọ́ ìsebẹ̀ ibẹ̀ wálé. Àwọn ará àdúgbò a máa fi ọbẹ̀ ewé kókò wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jinná, àwọn náà ni ẹ ó kọ́kọ́ rí tí wọ́n ń yọjú wá kí wa.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ kò gba ẹ̀rín. Àbúrò mi kò jẹun. Láti ìgbà tí ibà ti dá a dúbúlẹ̀, ẹ̀kọ nìkan ló ń gbà lẹ́nu. Irun orí rẹ̀ ti ń pọ́n bí irun àgbàdo, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún ìyá mi pé ẹ̀kọ lásán kò lè gbé ọmọ náà dìde: kí wọ́n wá ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, ẹyin àti èso, kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, wọ́n kọrin fún un, wọ́n fi ẹgba halẹ̀. Ọmọ pa ẹnu dé pinpin. Ẹ̀rù bà mí, torí mo ti gbọ́ tí ìyá mi ń sunkún nínú yàrá.

Ìyá àgbà kò bẹ̀ ẹ́ rárá. "Ta ní í bẹ ọlọ́bẹ̀ kó wá jẹ ọbẹ̀ ara rẹ̀?" ni wọ́n wí. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Nígbà tó lọ ata tán, wọ́n ní kó lọ wo ibi tí adìẹ ń yé sí lẹ́yìn ìkòkò omi. Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ, ó sì rọra fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹyin kan bọ̀. Ìyá àgbà sè é pọ̀ mọ́ iṣu.

Nígbà tí ọbẹ̀ hó, wọ́n ta díẹ̀ sí i ní àtẹ́lẹwọ́. "Ìyá ọlọ́bẹ̀, ẹ bá wa tọ́ ọ wò. Ṣé iyọ̀ dé e?"

Àbúrò mi lá ọwọ́ rẹ̀, ó ronú. "Ó kù díẹ̀."

Wọ́n fi iyọ̀ bíńtín sí i, ó tún tọ́ ọ wò. Ó tún kù díẹ̀. Èmi mọ̀ pé iyọ̀ ti dé e, ìyá àgbà náà mọ̀, wọ́n kàn ń ta ọbẹ̀ sí i lọ́wọ́ ni.

Wọ́n bu iṣu àti ọbẹ̀ fún un, wọ́n gbé ẹyin tòun ti èèpo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ìgbà náà ni bàbá mi ti ibi ìrun Alásárì wọlé.

"Màámi, ẹyin kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ sọ ọmọ yìí dolè ni?" Bàbá mi ti na ọwọ́ láti mú un kúrò.

Ìyá àgbà kò pariwo. "Jókòó. O ní ẹ̀gbọ́n kan. O ò bá a láyé. Adìẹ mi kún ilé ní Gáná, ọjà ni mò ń kó ẹyin wọn lọ. Wọ́n ní tó bá jẹ ẹyin, yóò jalè. Ni mi ò bá fún un." Wọ́n dé ìkòkò ọbẹ̀. "Kò jalè rí. Kò dàgbà débẹ̀."

Bàbá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n mú ẹyin náà, wọ́n bó o. "Bísímílà," ni wọ́n wí, wọ́n nà án sí àbúrò mi. Ó jẹ ẹ́. Ó ní iyọ̀ kò dé e.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ara rẹ̀ yá. Lẹ́yìn ẹyin, ó tọ́ ẹ̀wà wò, ó tọ́ tẹ̀tẹ̀ wò, ó ń bá mi du ìbẹ́pẹ, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú fi lọ sílẹ̀. Ìfọ́n ló ń gbé báyìí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó sanra, ẹnu rẹ̀ sì mú.

Ìyá àgbà ti lọ. Àwọn ọmọ tèmi ń bá mi ṣa ẹ̀fọ́, wọ́n ń tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n sì ń jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n mo máa ń ronú kan ọmọ tó kú sí Gáná yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ fún mi, ó sì máa ń dùn mí. Ì bá ti di arúgbó báyìí. Òun là bá sì máa kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún.