Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Dí Imú Níwájú Dòdò Rẹ̀

Òórùn dòdò ni aago tó ń jí mi nílé wa ní Ìkìrè. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyá mi á ti gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù mọ́ ata àti iyọ̀, á máa bù ú sínú epo gbígbóná. Bó bá dúdú tán, á dì í sínú ewé fún àwọn èrò ọkọ̀ Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ gba ojú títì yẹn kọjá nígbà náà, ẹ ó rántí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada rẹ̀, mo na ẹ̀yìn gbọọrọ. Mo fi àtàǹpàkò dí ihò imú ọ̀tún, mo rọra fa èémí gba ti òsì. Mo dí ti òsì, mo jẹ́ kó gba ti ọ̀tún jáde. Oníbàárà méjì tó ń bọ̀ wò mí, wọ́n wo agbada, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

"Sìdíkátù, ṣé dòdò mi ló ń rùn ni?" Ìyá mi kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Wòlímọ̀ mi ló fà á. Mo mọ kéú mi dáadáa, ṣùgbọ́n tí ojú bá ti pọ̀ lára mi, àyà mi á máa já, èémí mi á gé kélekèle, ohùn á sì wọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti há síwájú Áfà. Ó sọ fún bàbá mi pé tí mo bá tún há lọ́jọ́ wòlímọ̀, màá padà sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké fún ọdún kan sí i. Bẹ́ẹ̀, bàbá mi ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wa ní Àpòmù àti Ìkòyí. Kò bínú sí mi. Ó kàn ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún gbogbo nǹkan, títí kan kọ́kọ́rọ́ tó bá há.

Tíṣà wa kan nílé ìwé mi ní Àpòmù, obìnrin ará Íńdíà, ló rí i pé mo há nígbà tó ní kí n kàwé ní kíláàsì. Ó dá mi dúró, ó kọ́ mi ní bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe ń mí láràárọ̀, kó tó jẹun. Ó ní kí n má fi ipá ṣe é, kí èyí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. Níbi tí mo ti ń ka èémí mi lọ́kàn, àyà mi rọlẹ̀ bí omi ìkòkò tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.

Nígbà tí mo ṣàlàyé, ìyá mi pòṣé. "Kéú la ní kó o kọ́, imú lo ń kọ́. Lọ ṣe é lẹ́yìnkùlé lọ́dọ̀ àwọn ewúrẹ́. Ẹni tó bá rí ẹ níbẹ̀, á rò pé àwọn ló ń rùn." Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe é láràárọ̀. Oorun mi dùn sí i, n kò tilẹ̀ bá àbúrò mi jà mọ́. Ó bi mí bóyá ara mi ò yá.

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, mo ka ìbẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo ṣèèṣì gbójú sókè, mo rí èrò, ohùn mi wọlẹ̀. Mo ń wá ojú ìyá mi. Ó jókòó láàárín àwọn obìnrin, pẹ̀lú àwo dòdò ńlá tó dín fún àlejò níwájú rẹ̀. Ó na ẹ̀yìn gbọọrọ. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi àtàǹpàkò dí imú.

Àwọn ará Àpòmù wo dòdò, wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹnì kan dá tọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. Ìyá mi ò wo ẹnikẹ́ni, èmi nìkan ló ń wò. Mo rọra mí sínú, mo mí síta, ó pẹ́ díẹ̀. Mo tún un ṣe. Mo sì kà á délẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi jẹ dòdò tó ṣẹ́kù.

Lónìí, mo ń sọ̀rọ̀ níwájú igba ènìyàn láìwárìrì, dókítà sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ò ru. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin mi há níwájú èrò nílé ìwé rẹ̀, ó ń wá ojú mi. Ọwọ́ mi gbéra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé imú. Mo rántí àwọn obìnrin ńláńlá tó yí mi ká, mo bá fi ọwọ́ náà tún gèlè mi ṣe. Ọmọ náà wá ohùn rẹ̀ rí fúnra rẹ̀.

Mo ti mọ bí a ṣe ń mí. Bí èèyàn ṣe ń dí imú níwájú dòdò ara rẹ̀ ni mo ṣì ń kọ́.