Pátákó Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tíì Dà Kọ

Òórùn eruku gbígbóná ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Kọ̀ǹpútà wa wà ní igun pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà Ìdímù ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bí a bá ti tàn án fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, eruku inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ tí wọ́n lọ̀ jù, òórùn náà á sì pò mọ́ ti òróró tí mo fi ń wọ́ ọwọ́ ọ̀tún ìyàwó mi láràárọ̀.

Olùkọ́ ni àwa méjèèjì. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ni mo kọ́ ní tèmi. Àwọn kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di lẹ́ẹ̀dì mú ni òun kọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àkọ́bí wa ló gbé kọ̀ǹpútà àlòkù náà wá. Ó ní ètò tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wúwo jù fún un, ó sì fi Linux, ètò mìíràn tó fúyẹ́, rọ́pò rẹ̀. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò. Nítorí àwọn ọmọ-ọmọ wa tó wà lókè òkun, tí Yorùbá kò já geere lẹ́nu wọn, ó máa ń jókòó síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án, á máa sọ ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ kó lè gbà á sílẹ̀: orúkọ ẹ̀yà ara, ìkíni, bí a ṣe ń kí àgbàlagbà tó ń jẹun lọ́wọ́. Ó sọ èyí tó lé ní ọgọ́ta. Mo ní kó máa fi wọ́n ránṣẹ́ bó ṣe ń sọ wọ́n, ó kọ̀, ó ní ó di ìgbà tí wọ́n bá pé ọgọ́rùn-ún. Mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá, ohùn Èkìtì rẹ̀ á yọ jáde níbi tó bá ti gbàgbé pé òun ń kọ́ni.

Kò dé ọgọ́rùn-ún tí rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà díẹ̀, ọ̀rọ̀ kò padà. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ọ̀rọ̀ sísọ nílé ìwòsàn bi mí bóyá ohùn rẹ̀ àtijọ́ wà níbì kan. Mo ní ó wà. Ó ní kí n máa tàn án fún un láràárọ̀, kó máa tẹ̀ lé ara rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń tẹ̀ lé olùkọ́. Ó tó oṣù méjì tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohùn inú kọ̀ǹpútà ní, "Imú," ìyàwó mi gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí imú, òun náà ní, "Imú." Ó já gaara. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pè mí ní "Tíṣà", bó ṣe ń pè mí láti ìgbà tí a ti pàdé.

Ọjọ́ Ajé kan ni kọ̀ǹpútà kọ̀ tí kò ṣí mọ́. Mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ojú rẹ̀ ṣú dúdú, ó tún padà síbi pásíwọ́ọ̀dù. Mo rò pé mo ṣì í tẹ̀ ni. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀meje, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ìyàwó mi jókòó tì mí, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti wà lórí imú, ó ń dúró de ẹ̀kọ́.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan ní Gowon Estate, olùkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti ń lo Linux tipẹ́. Ó ní kí n di bọ́tìnnì mẹ́ta mú pọ̀, kí ojú dúdú kan tí kò láwòrán lè jáde, kí n wá tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan síbẹ̀. Ó kà á sí mi létí lẹ́tà-lẹ́tà. Mo ka ohun tó jáde fún un: àyè inú rẹ̀ ti kún, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tó ṣe kọ̀ǹpútà yín. Ó fẹ́ wọlé, kò ráyè jókòó sí ni jàre."

Ó ní ohùn ìyàwó mi wà níbẹ̀ digbí. Àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń kọ nípa ara rẹ̀ lójoojúmọ́ ló kún ibẹ̀ bí ìdọ̀tí, òun á sì kó o dànù. Ṣùgbọ́n òun ń lọ sìnkú ní Oǹdó, ó di Ọjọ́bọ̀ kí òun tó dé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyàwó mi jókòó, ó gbé ọwọ́ sórí imú. Kò sí ohùn. Lọ́jọ́rú, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo fi ẹnu ara mi sọ "imú" fún un, ó wò mí, ó mi orí. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bọ́ sórí itan, n kò lè wò ó mọ́. Mo rántí fíláàṣì tí àkọ́bí wa fi gbé Linux sínú kọ̀ǹpútà náà, àti bí mo ṣe kọ gbogbo ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà sínú ìwé mi. Mo tẹ̀ lé e ní ìlà-ìlà. Ó dé ibì kan, kọ̀ǹpútà bi mí bóyá kí òun fi tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀, àbí kí òun nu gbogbo rẹ̀ kúrò.

Bí o bá ti kọ́ni rí, o mọ èyí tí mo yàn. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, n kò kọ ọ̀rọ̀ kan rí sórí pátákó tí n kò kọ́kọ́ nù. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi mọ̀ pé bí wọ́n bá kọ̀wé sórí èyí tí wọn kò nù, màá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti ní ìdọ̀tí ló kún inú rẹ̀. Ìdọ̀tí náà ni mo rò pé mo ń nù. Kọ̀ǹpútà tún bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i pé ó létò.

Ó ṣí. Ojú rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo pe ìyàwó mi kó wá jókòó, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ń kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí, n kò sì rí ẹyọ kan.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀rẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, eruku Oǹdó ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Kò bá mi wí, ì bá sì sàn fún mi ká ní ó bá mi wí. Ó fi ètò kan tó ń ṣàwárí ohun tí a ti nù wá inú rẹ̀ fún odindi ọ̀sán. Àwọn tó rí kò lórúkọ mọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò dún ju bí òjò lórí páànù lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ló já gaara. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, "Tíṣà, ṣé ó ti ń gbà á báyìí?" Ohùn mi sì dá a lóhùn, "Dúró ná, má tíì sọ̀rọ̀." Ibẹ̀ ló parí sí.

Ọ̀rẹ́ mi wolẹ̀. Ìyàwó mi gbọ́ ọ láti orí àga rẹ̀. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ kúrò lórí imú.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, mo sì ti rò ó títí. Ohun tó ń jẹ́ kí olùkọ́ nu pátákó láìbẹ̀rù ni pé ogójì ọmọ ti da ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ sínú ìwé. Mo nù ún fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì mọ̀ pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀. Èyí tí mo nù gbẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni kò tíì dà á kọ. A ṣì ń jókòó síbẹ̀ láràárọ̀. Mo máa ń sọ "imú", mo máa ń sọ "etí", òun á máa wo ẹnu mi, kò sì sọ nǹkan kan.