Ìka Tíṣà Nínú Ìwé

Bí mo bá rí ẹni tó pa ìwé dé mọ́ ìka, tíṣà lítíréṣọ̀ wa n'Ílọrin ni mo máa ń rántí. Ìtàn ọmọkùnrin Amẹ́ríkà kan tó fi ẹrú kan tó sá lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ pamọ́ ló ń kọ́ wa. Tó bá débi tó le, á pa ìwé náà dé mọ́ ìka, á ní: "Òfin ní olè lọmọ yìí, torí ó jí ẹrú ẹlẹ́rú. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Gbogbo kíláàsì ní olè ni. Èmi kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, ẹnìkan ò jí i gbé. Tíṣà ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí mo dàgbà, bàbá mi lọ bá tíṣà yìí tọrọ ọmọ rẹ̀ obìnrin fún mi. Tíṣà fún un ní obì gòrò, ó wá béèrè ìran wa, bí wọ́n ti ń ṣe. Bàbá mi kì í purọ́. Ó ní rírà ni wọ́n ra ìyá òun wọlé, láyé ogun. Tíṣà ní lójú tòun, kò sí nǹkan kan nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹbí òun ò ní fọmọ fún ìran ẹrú.

Mo lọ bá a nílé ìwé. Ìka rẹ̀ wà nínú ìwé.

"Ẹ ò rántí ìdáhùn mi ni, sà?"

"Ṣé ìyẹn ṣeé gbàgbé ni? Mo ṣì ń kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́dọọdún."