Erùpẹ̀ Inú Bàtà Bàbá Mi

Níbi iṣẹ́ ìwádìí mi, mo bomi sí erùpẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n kó wá láti Òkè Ọya, kí n lè wo àwọn ewéko tí ojú lásán kò lè rí nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí Bàrígà, nígbà tí mo wà ní kékeré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, èéfín ẹja yíyan kún àgbàlá wa. Erùpẹ̀ pupa tí ìyá mi gbọn kúrò nínú bàtà bàbá mi sínú abọ́ ti gba omi òjò, ó sì ti di aláwọ̀ ewé.

“Mọ́mì, ẹ wò ó! Erùpẹ̀ Dádì ti jí! Ṣé Dádì náà ń bọ̀?”

Bàtà yẹn nìkan ni wọ́n rí lẹ́yìn tí àgbàrá gbé bàbá mi lọ ní Òkè Ọya.

Ìyá mi fi ìka kan erùpẹ̀ náà jẹ́jẹ́.

“Lọ bu omi wá, ọmọ mi. Ká má jẹ̀ẹ́ kó gbẹ.”