Ẹni Tó Bá Ọdẹ́tọ́lá Wọ Igbó

Ọdẹ́tọ́lá ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọdẹ ni, ní Tẹ̀dé. Òun ló tọ́ mi nígbà tí bàbá wa kú. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá pa ẹtù, itan kan, ti Ìyá wa ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, Dàmọ́lá dé láti Èkó. Òun ló ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ń rin ìrìn àjò gígùn, tí wọ́n ń fi hàn bí èèyàn ṣe lè yè níbi tí kò sóúnjẹ, tí kò sómi. Ẹ̀gbọ́n mi mú un wọ igbó. Paramọ́lẹ̀ ṣán ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. Awakọ̀ kan ló gbé òkú rẹ̀ wá. Dàmọ́lá ò yọjú.

Nílé wa, bí ọdẹ bá kú sígbó, ẹni tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá òkú. Bí kò bá sọ ọ́, àwọn ọdẹ kò ní ṣípà rẹ̀, ìyẹn ètùtù tí wọ́n fi ń sin ọdẹ. Bí wọn ò bá ṣípà rẹ̀, inú igbó náà ni yóò máa rìn kiri, kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn baba rẹ̀. Ìyá wa ń retí. Kì í sùn dáadáa mọ́.

Mo rí eré náà ní Ṣakí, ní ṣọ́ọ̀bù Fáwùnmí tó ń bá èèyàn ṣájì fóònù.

Dàmọ́lá ní, "Èmi nìkan ni mo wà nínú aginjù yìí."

Irọ́. Òjìji ẹ̀gbọ́n mi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tìbọn tìbọn.

Fáwùnmí ní, "Ọkùnrin yìí mà láyà o!"

"Àyà ìyá ẹ̀," ni mo sọ. Mo jáde.

Lọ́dún yìí, Dàmọ́lá padà wá sí Tẹ̀dé. Kò mọ̀ mí. Ó ń wá ẹni tó máa mú òun wọgbó, mo ní mo mọ̀nà. Ismaheel, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé wa. Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, mo jókòó lórí àpáta, mo ki kẹ́ẹ̀gì omi wa kan ṣoṣo sáàárín orúnkún mi.

Dàmọ́lá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fún mi lómi."

"Ṣebí ìwọ lò ń kọ́ aráyé bí wọ́n ṣe ń yè láìsí omi?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo bu omi fún Ismaheel. Ó mu ún lójú Dàmọ́lá.

"Àbúrò Ọdẹ́tọ́lá ni mí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Kí lẹ fẹ́, ẹ jọ̀ọ́?"

"Wàá sọ ọ́ fún ìyá mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a jọ máa gbébí ni."

Ó gbà. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì kan ni mo bù fún un.

Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá wa. "Mà, nígbà tí ejò ṣán an, ó ní ká gbé òun lọ sọ́sibítù. Mo ní ká kọ́kọ́ ya fíìmù tán."

"Ṣé ó pè mí?"

"Ó pè yín, mà."

Ìyá wa dìde. "Ẹ lọ pe àwọn ọdẹ wá."

Ismaheel ò mọ ohun tí Dàmọ́lá ṣe tẹ́lẹ̀. Ó wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá, ó wà á lọ. Dàmọ́lá ń wá ọ̀kadà, ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn ọlọ́kadà sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ṣakí jìnnà."

"Ó jìnnà. Ìrìn àjò gígùn sì niṣẹ́ ẹ. Máa rìn."

Àwọn ọlọ́kadà bú sẹ́rìn-ín. Mò ń wò ó títí ó fi kọjá ọjà. Inú mi ò tíì rọ̀.